Ìràwé Inú Igbó Àwọn Òkú

Ní abúlé wa, Namasoko, nísàlẹ̀ àwọn òkè Thyolo, igbó kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, àwọn òkú ló sì ni ín. Gbogbo igi yòókù la ti gé. A fi òmíràn dáná, a fi òmíràn kọ́lé, oko tíì sì gba ìyókù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé àdá lọ síbi tí a ń sìnkú sí. Àwọn igi ibẹ̀ ti dàgbà kí wọ́n tó bí ìyá ìyá wa, ewé tó sì ń já bọ́ lára wọn kò ní agbálẹ̀. Ibi tó bá bọ́ sí náà ló ń jẹrà sí, òmíràn á tún bọ́ lé e lórí, títí ilẹ̀ fi rọ̀ bíi tìmùtìmù lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbé òkú.

Malita ni orúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Enelesi. Ilé rẹ̀ àti tèmi kọjú síra wọn, ilé ìyá wa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ ló ń wá bá ìyàwó gbé lábúlé ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ ni Samalani, ọkọ Enelesi, ṣe wá bá wa láti ìhà Mulanje, tòun ti ọkọ́ kan àti ẹní kan. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í kánjú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú un mọ́ àwọn agbẹ́sàréè, àwọn ọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ igbó náà nígbàkigbà. Nígbà tó yá, òun ló di olórí wọn.

Mo rántí ọjọ́ tí a sin ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Falesi, aládùúgbò wa. Oṣù kẹwàá ni, oòrùn mú janjan, odò ìsàlẹ̀ ti gbẹ, òkúta rẹ̀ ń dán. Mo ń ráhùn pé òùngbẹ ń gbẹ mí. Samalani bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ hú ìràwé òkè kúrò, èyí tó gbẹ tó ń ró kàkàkà. Ó hú èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó ti di dúdú, tí fọ́nrán funfun bí òwú so ó pọ̀. Ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ewé àti ilẹ̀ ti di ọ̀kan náà, ó fún un bí ẹni ń fún aṣọ. Omi kán láàárín ìka rẹ̀, tó, tó, tó.

Ó ní, “Malita, òjò tó pa ọ́ lóṣù kejì nìyí. Àwọn ará ibí ló ń bá yín tọ́jú ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bù ú fún ìsun.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, kí wọ́n má lọ gbọ́ pé ẹ̀ ń jí omi wọn fún.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ìsun tí gbogbo abúlé ń pọn, ìdí igbó náà gan-an ló ti ń sun jáde, kò sì gbẹ rí lójú ẹnikẹ́ni tó wà láyé.

Ikọ́ ló pa Samalani. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Mulanje pé àwọn fẹ́ gbé òkú àwọn lọ sílé, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún àna tó bá kú. Ṣùgbọ́n ó ti sọ kó tó kú pé ibi tí òun ti ń gbẹ́lẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn ni kí wọ́n sin òun sí. A fi kúbùsù rẹ̀ dì í, kúbùsù eérú tó ní ìlà pupa kan létí. Lórí sàréè rẹ̀, wọ́n kó àwọn ohun tó ń lò lé e gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe: àwo kan tí wọ́n fọ́, àti ife páànù aláwọ̀ búlúù rẹ̀ tí wọ́n dá ìdí rẹ̀ lu kí ẹnikẹ́ni má baà mú un lò mọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, àgbàdo kò ṣe dáadáa. Ilẹ̀ wa ti rẹ̀, ó pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú, ajílẹ̀ ìgbàlódé sì ti kọjá agbára wa. Àgbàdo Enelesi ga dé orúnkún ewúrẹ́, ó sì dúró síbẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, nsima, òkèlè àgbàdo wa, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni òun àti ìyá wa ń jẹ. Mo ní ọkọ àti ọmọ mẹ́rin nígbà náà, kò sí ohun tí mo lè bù fún wọn.

Èmi ni mo sọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. A jókòó síwájú ilé, à ń bó òtílí, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti kíyè sí bí ilẹ̀ ṣe dúdú tó nínú igbó yẹn? Àpò ìràwé mẹ́wàá péré lórí ebè yín, ẹ ó ká àgbàdo tó tó apá.”

Enelesi ní, “Pa ẹnu ẹ dé. Ṣé orí ẹ pé báyìí?”

“Ṣebí ọkọ yín ló wà níbẹ̀. Ṣé ó máa lé yín ni?”

Ó bó òtílí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbọn ìró rẹ̀, ó wọlé. Ọjọ́ kẹta, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ooru ti gbé gbogbo ènìyàn wọ inú ilé, mo rí i tó ń bọ̀ láti òkè pẹ̀lú àpò lórí. Mo jáde lọ pàdé rẹ̀, mo bá a sọ̀ ọ́, mi ò bi í ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, èmi náà bá a lọ. Ẹ̀rù bà mí. Nínú igbó náà, bí o bá gbé ẹsẹ̀, ìràwé á ké. Bí o bá dúró, ìràwé á tún ké níbòmíràn, bí ẹni pé ẹnìkan ń dúró dè ọ́ kó tó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀. Mo ní aláǹgbá ni. Enelesi ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, aláǹgbá ni,” ṣùgbọ́n kò wo ẹ̀yìn.

Ní àpò karùn-ún, bí ó ti ń dà á sórí ebè, ife kan bọ́ jáde. Ife páànù aláwọ̀ búlúù, ìdí rẹ̀ lu.

Àwa méjèèjì dúró wò ó. Ó ní, “Mi ò dé ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni mo ti kó ti òní.”

Mo ní, “Afẹ́fẹ́ ló gbé e.”

Ó fi ìró nù ún, ó gbé e padà, ó fi òkúta kékeré tẹ̀ ẹ́ lórí sàréè. Ọjọ́ kẹrin, ife náà tún bọ́ jáde nínú àpò mìíràn. Ó gbé e padà lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó sì dé, ó ní, “Ó kù àpò mẹ́rin.” Ebi le ju ẹ̀rù lọ.

Nígbà tí òjò dé, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé òun ń gbọ́ ẹsẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀, ẹnìkan á máa rìn yí ilé rẹ̀ po, á sì máa rìn lórí ìràwé tútù, ṣàà, ṣàà, ṣàà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ìta rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí igi kankan tó sún mọ́ ibẹ̀. Mo lọ jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ó ní, “Ó ti dúró. Ó mọ̀ pé o wà níbí.”

“Ṣé ó ń bínú ni?”

“Mi ò mọ̀. Bó ṣe máa ń rìn náà ló ń rìn. Kò kánjú.”

Àgbàdo Enelesi yọ lọ́dún náà bíi pé wọ́n ń fà á sókè. Ewé rẹ̀ dúdú, igi rẹ̀ le. Nígbà tí ọ̀dá ọ̀sẹ̀ méjì mú wa lóṣù kejì, tí tàwọn ẹlòmíràn ń ká kò, tirẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, torí abẹ́ ìràwé náà tutù bí inú ìkòkò. Falesi wá dúró létí oko, ó dọ́wọ́ sí ìbàdí.

Ó ní, “Enelesi, kí lò ń fún àgbàdo yìí jẹ? Àbí àwọn àna rẹ fi oògùn Mulanje ránṣẹ́?”

“Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.”

“Ọwọ́ tèmi náà ń ṣiṣẹ́, àgbàdo mi sì rí bí ọwọ́ ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìyá méjèèjì, ẹ sọ òótọ́ o!”

Èmi ni mo tún sọ fún un. Ẹnu mi kò lè pa á mọ́. Mo ní kó má sọ fún ẹlòmíràn, ó sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà sọ fún ẹnì kan péré.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi máa pé, gbogbo obìnrin Namasoko ti ń wọ igbó àwọn òkú lọ́sàn-án. Bàbá Nazombe, tó di olórí agbẹ́sàréè lẹ́yìn Samalani, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè gun òkè mọ́, àwọn agbẹ́sàréè tó kù sì ní ìyàwó nílé tí wọ́n ń fẹ́ kí oko wọn dára. Ẹ̀rù tó ń bà wá tẹ́lẹ̀ tán lára wa, torí èrò tó pọ̀ kì í bẹ̀rù. A ń ṣe àwàdà níbẹ̀. A fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀. A kó èyí tó gbẹ, a kó èyí tó dúdú, a fi ọkọ́ ha èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí a ṣe tán, ilẹ̀ pupa ló kù, gbòǹgbò igi yọ síta bí iṣan ọwọ́ arúgbó, òkìtì sàréè kọ̀ọ̀kan sì hàn kedere láti ìdí igi títí dé etí igbó. Àṣé wọ́n pọ̀ tó báyẹn. A ò mọ̀ pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Enelesi kò bá wa lọ lọ́dún kejì yẹn. Ó ní èyí tó wà lóko òun tó òun.

Òjò oṣù kìíní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kò dá fún ọjọ́ mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, bí irú òjò bẹ́ẹ̀ bá rọ̀ sórí igbó náà, o lè dúró nídìí rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ máa wá láti òkèèrè, rẹ́rẹ́rẹ́, kí omi tó ń jáde nísàlẹ̀ sì mọ́ kedere. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Ó ń na ilẹ̀ lẹ́gba. Ìsun wa pọ́n ní ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kejì, àgbàrá ti la ojú ọ̀nà mẹ́rin gba inú igbó náà. Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a gbọ́ ìró kan láti òkè bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń da òkúta. Omi pupa wá sáàárín ilé wa, ó ga dé itan. Ó gbé ilé ìdáná Falesi lọ, ó gbé ewúrẹ́ mi méjì tí mo so mọ́lẹ̀. Kò sí alààyè kankan tó kú.

Nígbà tí òjò dáwọ́ díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, Enelesi jáde lọ wo oko rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ẹrẹ̀ ti bo gbogbo ebè. Pákó pósí wà níbẹ̀, àwo wà níbẹ̀, ife lónírúurú, gbogbo wọn lu nídìí. Egungun wà níbẹ̀, tí mo kọ́kọ́ rò pé igi ni. Enelesi ń lọ níwájú láàárín àgbàdo tó ti wó lulẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè jẹ́jẹ́, ó dúró, ó kúnlẹ̀.

Kúbùsù eérú ni, pẹ̀lú ìlà pupa létí. Ó fẹ̀yìn ti ebè gan-an tí Enelesi ti kọ́kọ́ da ìràwé sí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Ó nu ẹrẹ̀ kúrò létí kúbùsù náà, ó ní, “Ẹ kú ìrìn o.”

Bó ṣe máa ń kí i nígbà tó bá ti ọjà dé ló ṣe kí i. Ó wá sọ fún mi láì wẹ̀yìn pé, “Malita, wá bá mi dì í mú, kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀.” Mo dì í mú. Kò wúwo.

Òkú mọ́kànlá ló sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Ọjọ́ mẹ́rin làwọn agbẹ́sàréè fi kó wọn jọ. Àwọn tí a dá mọ̀, a sin wọ́n lọ́tọ̀. Àwọn tí a kò dá mọ̀, a sin wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni baálẹ̀ pe gbogbo wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n fi àga gbé Bàbá Nazombe wá.

Ó bi wá pé, “Ta ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ wọ ibẹ̀ láìgbé òkú dání?”

Gbogbo obìnrin wolẹ̀. Ọmọ kan ń sunkún, ìyá rẹ̀ fi ọmú dí i lẹ́nu.

Enelesi dìde. “Èmi ni.”

“Ta ló rán ọ?”

“Ebi.”

“Ta ló dá a lámọ̀ràn fún ọ?”

Ẹni mẹ́ta ló wà láàárín èmi àti rẹ̀. Mo ń tú etí ẹní tí mo jókòó lé, mo ń fa koríko rẹ̀ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ó ní, “Kò sí. Orí ara mi ni.”

Baálẹ̀ ní kó mú ewúrẹ́ kan wá. Ó tún ní kí gbogbo obìnrin kó ìràwé padà dé etí igbó, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ ibẹ̀ mọ́. Ìyẹn kò ṣòro. Ṣùgbọ́n Bàbá Nazombe ní ohun kan kù. Ó ní ẹni tó kọ́kọ́ ká aṣọ kúrò lára àwọn òkú, àwọn òkú kò ní gbà á sí àárín wọn. Ọjọ́ tí Enelesi bá kú, etí oko tíì ni kí wọ́n sin ín sí, ní òun nìkan. Ìyá wa ké. Enelesi jókòó, ó tún ìró rẹ̀ so.

Mo lọ bá a nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ mi?”

Ó ní, “Nígbà tó o wà níbẹ̀, ṣé o ò mọ orúkọ ara ẹ ni?”

Nígbà tó yá, ó ní kí n bu iyọ̀ fún òun.

Oṣù kẹjọ ọdún náà, ìsun wa gbẹ. Àwọn àgbà lọ dúró níbẹ̀, wọ́n ń wo ihò náà bí ẹni ń wo ẹnu tó ti dákẹ́. Òjò tó rọ̀ yẹn pọ̀ tó láti rì wá, síbẹ̀ kò sí ẹ̀kán kan tó dúró fún wa. Odò etí oko tíì la lọ ń pọn, ìrìn wákàtí kan àbọ̀.

Àwọn obìnrin yòókù kó ìràwé padà fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ṣíwọ́. Enelesi kò ṣíwọ́. Ó gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kó pòròpórò àgbàdo, ó gbá abẹ́ máńgòrò gbogbo ilé, ó ń gbé e lọ dé etí igbó, àwọn agbẹ́sàréè á sì bá a tẹ́ ẹ sínú. Bí ìràwé tuntun bá bọ́, èyí tó tẹ́ ló ń gbà á dúró kí àgbàrá má gbé e. Ó ṣe é fún ọdún mẹ́ta. Mo ń bá a ru ẹrù náà. A kì í sọ̀rọ̀ lọ́nà. Nígbà kan mo bi í nípa ẹsẹ̀ tó ń gbọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n tún ọkọ òun sin, òun ò gbọ́ ọ mọ́, ilé sì ti dákẹ́ jù fún òun.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kẹta, ọmọ Falesi sáré wọ abúlé pé ilẹ̀ ìsun ti tún ń tutù. Gbogbo wa lọ. Ó ń kán ni, ó kéré, ó tó kó kún ife kan kí o tó kà dé ọgọ́rùn-ún. Àwọn obìnrin hó yè. Wọ́n gbé Bàbá Nazombe wá, ó fi ìka kan omi náà, ó fi kan ahọ́n.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, lójú gbogbo wọn. Mo ní èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbọ́n mi létí, èmi náà ni mo sọ fún Falesi, ẹnu mi ló ṣí igbó náà. Falesi ní, “Ìwọ Malita!”

Bàbá Nazombe kọjú sí mi. Ó ní, “O jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ ru ẹ̀bi náà fún ọdún mẹ́ta.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Ó yí sí baálẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ohun tí wọ́n wá sọ nìyí: Enelesi ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo àwọn òkú padà, ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni kó sùn sí lọ́jọ́ tó bá tó àsìkò. Ibi etí oko tíì yẹn, èmi ni mo ni ín.

Enelesi bínú sí mi ju bó ṣe bínú rí lọ. Ó dì mí lápá mú lójú ọ̀nà. “Ta ló bi ọ́? Ta ló bi ọ́ léèrè? Ìwọ tó lọ́mọ mẹ́rin! Níbo lo fẹ́ kí wọ́n ti máa wá ọ?”

Ó sunkún lọ́jọ́ náà, òun tí kò sunkún nínú ẹrẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn mo lọ wo ibẹ̀. Láàárín ọ̀nà àti ìlà tíì àkọ́kọ́ ni, kò fẹ̀ ju ibi tí a lè tẹ́ ẹní mẹ́ta sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́n, ó le, kò sí igi kankan, kò sí ewé kan lórí rẹ̀. Mo jókòó fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tó ń ká tíì ń kọjá, wọ́n ń kí mi, mo ń dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà mo dìde, torí mo ti gbé òtílí ka iná.